Ìbọn Ìléwọ́ Méjì Tíṣà Savoldi

Besnik Gjokaj ló kọ́kọ́ rí i. Bó ti ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn tí wọ́n ń kó ohun ìjà àtijọ́ sí láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ó bá àfọ́kù gíláàsì nílẹ̀, àyè ìbọn ìléwọ́ méjèèjì sì ti ṣófo. Òun tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn, tó sì ń nu àwọn ohun inú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sáré pe ọlọ́pàá.

Ìsípẹ́kítọ̀ Ivano Tameni ni wọ́n rán wá. Ọmọ ìlú Gardone yìí náà ni, ní àfonífojì tí wọ́n ti ń rọ ìbọn láti ayébáyé, ojú rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó wo inú gbọ̀ngàn yí ká. Àwọn idà ṣì wà lára ògiri, àwọn ọ̀bẹ aṣóró wà nínú àkọ̀ wọn. Kódà idà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ kìkì fàdákà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè tó ṣófo náà gan-an, olè kò sì fọwọ́ kàn án.

Ìbejì ni àwọn ìbọn tó sọnù, irú èyí tí òkúta ìṣáná máa ń ta iná sí ẹ̀tù, bíi ṣakabùlà kékeré. Gbogbo ìlú ló gbà pé àwọn baba ńlá wọn ló rọ wọ́n ní ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn. Tíṣà Ottorino Savoldi ló ni wọ́n, òun náà ló ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba ọmọ ìlú ni kò kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ rí. Tameni pàápàá ti jókòó níwájú rẹ̀ lọ́mọdé. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni onímọ̀ kan ń bọ̀ láti Torino wá yẹ ìbọn náà wò, kí wọ́n tó gbé wọn lọ síbi àfihàn ńlá kan.

“Tíṣà, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yìí?” Tameni bi bàbá náà nígbà tó dé sí gbọ̀ngàn.

“Èmi àti Besnik náà ni.”

“Ṣé ẹ fura sí i ni?”

Bàbá náà mí kanlẹ̀. “Ivano ọmọ mi, mi ò fẹ́ ba ọmọlọ́mọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora.”

Tameni yí sí Besnik. Ọkùnrin náà ṣì di ìgbálẹ̀ mú.

“Alùpùpù kan ni mo jí, ọ̀gá, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Albania dé tí ebi ń pa mí. Mo ti fẹ̀wọ̀n san án. Kọ́kọ́rọ́ àpótí gíláàsì yẹn wà lápò mi. Bí mo bá fẹ́ jalè, kí ni mo fẹ́ fọ́ ọ fún?”

“Kí a má baà fura sí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ni.”

Besnik rẹ́rìn-ín tí kò dénú. “Bí mo bá lo kọ́kọ́rọ́, mo jẹ̀bi. Bí mi ò bá lò ó, mo jẹ̀bi. Ó dáa. Ẹ mú mi.”

Tameni sì mú un. Ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó sì mú un la àárín ọjà kọjá, níwájú àwọn tó ń ta wàràkàṣì. Drita ìyàwó Besnik wà níbẹ̀ pẹ̀lú Arta ọmọ wọn obìnrin. Ẹnì kan kígbe pé, “Ẹ wo olè Albania!” Tameni gbọ́, kò sì bá a wí.

Lọ́jọ́ kejì, apẹja kan gbé ìdì kan wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Abẹ́ afárá odò Mella ló ti gbé e, ó rò pé ẹja ńlá ló gbé ìwọ̀ òun. Tameni tú ìdì náà. Ìbọn méjèèjì ló wà nínú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi wé wọn rin gbingbin fún òróró, wọ́n sì yọ́ ìda oyin lé ojú okùn kí omi má baà wọlé.

Tameni tẹjú mọ́ ọn títí. Olè wo ló ń tọ́jú ohun tó fẹ́ sọ nù báyìí?

Ó lọ sílé Tíṣà. “Tíṣà, a ti rí àwọn ìbọn yín o.”

Bàbá náà di férémù ilẹ̀kùn mú. “Ṣé wọn ò dógùn-ún?”

Tameni kò tíì dárúkọ omi rárá, ohun tó sì sùn sínú yàrá olè fún ọjọ́ kan kì í dógùn-ún. Ní ìṣẹ́jú yẹn ló rántí ọwọ́ Besnik nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ojú sì tì í débi pé kò lè wo tíṣà rẹ̀ lójú.

“Ẹ bá mi ní gbọ̀ngàn lọ́la, Tíṣà. Onímọ̀ yẹn ti dé.”

Ọ̀mọ̀wé Fulvia Ansaldi, onímọ̀ tó ti Torino wá, kò fọ̀rọ̀ gùn. Ó tú síkúrù kan lára ìbọn, ó sì gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀.

“Láyé ìgbà tí ẹ ń sọ yẹn, fáìlì ni wọ́n fi ń gé síkúrù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí méjì tí í bára mu. Ẹ wo èyí, gbogbo ìlà rẹ̀ dọ́gba. Ẹ̀rọ ló gé e. Ásíìdì ni wọ́n sì fi sọ irin rẹ̀ di ogbó. Ayédèrú ni, kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún.”

“Ṣé ẹnì kan ti tú síkúrù yìí ṣáájú yín?” Tameni bi í.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ojú ibi tí irin ti họ ọ́ ṣì ń dán.”

Tameni wá kọjú sí bàbá náà. “Tíṣà, ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ìbọn yìí rí. Ẹ̀yin lẹ tú u, ẹ sì rí ohun tí Ọ̀mọ̀wé rí. Nígbà tí ẹ gbọ́ pé ó ń bọ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín wọlé, ẹ fọ́ gíláàsì. Olè gidi ì bá gbé idà fàdákà lọ. Ohun tó ń dójú tì yín nìkan lẹ gbé. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí i kó dógùn-ún, ẹ fi òróró pa á bí ìkókó kí ẹ tó jù ú sódò. Ìfẹ́ yẹn ló tú yín fó. Nígbà tí mo ní a ti rí wọn, ògùn-ún lẹ kọ́kọ́ béèrè.”

Savoldi jókòó.

“Gbogbo ọmọ ìlú yìí ni mo kó wá síwájú ìbọn yẹn, Ivano. Mo ní, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ baba yín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ pé irọ́ ni? Ikú yá ju ẹ̀sín.”

“Ẹ ò kú, Tíṣà. Ẹ gbé ẹ̀sín yín wọ Besnik lọ́rùn ni. Mo sì bá yín so ó.”

Bàbá náà yọjú wo ìta. Ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Mú mi gba ẹ̀yìn, jọ̀ọ́. Àwọn ènìyàn wà ní gbàgede.”

Ó wu Tameni láti mú un gba ẹ̀yìn. Pé ó wù ú bẹ́ẹ̀, kíá, láìronú lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn gan-an ló tì í lójú jù. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n gbà.

Nígbà tí Tameni dé ilé Besnik lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Drita ló ṣílẹ̀kùn, kò sì ní kó jókòó.

“Wọ́n ti dá a sílẹ̀, ó ń sùn. Ẹ má jí i.”

“Màmá Arta, mo wá tọrọ àforíjì ni.”

“Ẹ lọ bá ọmọ. Kò lọ sílé ìwé láti ọjọ́ tẹ́ ẹ mú bàbá rẹ̀.”

Arta jókòó nídìí tábìlì, ó ń fi ṣíbí ro polenta, oúnjẹ àgbàdo bí ọkà, tó ti tutù. Tameni tẹ̀ ba, ó sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kò mú nǹkan kan, pé ẹni tó ni ìbọn ló jí i.

“Bàbá mi ti sọ fún yín pé òun kọ́,” ni ọmọ náà wí.

“Ó sọ fún mi.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi mú un?”

Láàárọ̀ yẹn, kò sí ohun tí Tameni kò lè là yé àwọn ènìyàn. Nísinsìnyí, gbólóhùn kan péré ló rí sọ.

“Nítorí pé ó rọrùn,” ló sọ. “Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà pé òun ni.”

Arta gbé ṣíbí kalẹ̀. “Ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì wa. Wọn ò tíì ṣíwọ́.”

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì jáde níwájú. Tameni nawọ́ sí i nígbà tí wọ́n fẹ́ sọdá títì, ṣùgbọ́n ọmọ náà ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó sì ń lọ.