Ọwọ́ Tó Wà Nínú Àwòrán

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ọmọ ìyá méjì ló ń ṣe ìwé ìtàn adẹ́rùbani. Ẹ̀gbọ́n, obìnrin, ló ń kọ ìtàn táwọn ará ìgboro ń sọ kiri: ìtàn obìnrin tí kò ní gìgísẹ̀, tó máa ń dá mọ́tò dúró ní oríta. Àbúrò ọkùnrin ló ń yàwòrán sí i. Ìtàn dùn, àwòrán dára, kò sẹ́ni tó rà á.

Ni àbúrò bá wọ yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ inú ibẹ̀ ṣú bí inú ìkòkò. Òórùn ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ gbá a nímú. Oníṣègùn tó jókòó síbẹ̀ kò gbójú sókè.

"Àwòrán rẹ ò mí. Ṣé o fẹ́ kó mí?"

"Mo fẹ́ lówó ni, Bàbá."

"Ọ̀kan náà ni." Ó gún un níka, ó po ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ eérú. "Òjìji kì í kọ ara sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣìnà ilé. Ẹni yòówù tó bá mu ọmú ìyá rẹ, tí o bá fi èyí yà á, inú àwòrán ni yóò máa gbé."

Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà jókòó kó fi òun ya iwin inú ìtàn náà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ya imú mi kó gún o! Iwin náà ń ṣoge."

Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ tí àbúrò fi fi eérú náà ya ojú sí àwòrán. Ẹ̀rín já. Àga ṣófo. Gèlè rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí àga.

Ọwọ́ obìnrin inú àwòrán ló kù. Bó ṣe máa ń ṣe látilẹ̀wá, àbúrò gbé ọwọ́ òsì tirẹ̀ síwájú dígí, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ eérú, ó yà á. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fọwọ́ ara wa ṣe ara wa.

Ìwé náà tà, owó ya dé bí ọ̀gbàrá. Màámi, ìyá wọn, ń pè é lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

"Ó rìnrìn àjò, Màámi. Ó ń kí yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń họra. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ kán bí ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Eérú ni. Ó sáré lọ bá oníṣègùn.

"Ọwọ́ ta lo yà?"

"Tèmi ni, Bàbá. Mo wo dígí ni."

Oníṣègùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmú ta nìwọ mu? Máa lọ. Ọwọ́ kì í dá rìn, ara ń bọ̀ lẹ́yìn."

Kó tó délé, apá ti lọ. Ó ṣubú síwájú àwòrán náà. Ó fẹ́ ké, ahọ́n rẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú eérú.

Nígbà tí Màámi ò gbóhùn ẹnì kankan mọ́, ó wá fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

"Ẹ wo ilé olówó! Eérú káàkiri! Ọ̀bùn ni mo bí ni?"

Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Látinú àwòrán tó wà lára ògiri, obìnrin tí kò ní gìgísẹ̀ la ẹnu, omijé ń dà lójú rẹ̀:

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a dànù."