Ìṣẹ́jú Mọ́kànlélógójì

Kóòtù ọkùnrin náà ni kò bá ọjọ́ mu. Oṣù kẹfà ni, ooru sì mú débi pé àwọn tó ń gba ẹnu géètì ibùdókọ̀ ojú irin Tatsumori kọjá ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara wọn. Òun nìkan ló wọ kóòtù nínípọn, tó de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, kò sì làágùn. Ó tò sẹ́yìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì níwájú fèrèsé, ó rọra ń dúró kó kàn án.

Chizuru Iwasa ló jókòó lẹ́yìn fèrèsé náà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹní mowó, kò sì sí òǹtẹ̀ kan tó lù rí tí kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ọkùnrin náà wí. "Ìwé ọkọ̀-pẹ́ ni mo wá gbà."

Bébà pélébé ni ìwé ọkọ̀-pẹ́. Ibùdókọ̀ á lu òǹtẹ̀ sí i pé ọkọ̀ ló pẹ́, kì í ṣe ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mú un dání, ọ̀gá kan kò gbọdọ̀ bú u, tíṣà kan kò sì gbọdọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọkọ̀ wo ni, sà?"

"Ti aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù."

Chizuru wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kọkànlá. "Ìjẹta nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìjẹta."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó wò ó. Ọkọ̀ náà kò fi ìdajì ìṣẹ́jú pẹ́. "Ẹ má bínú, sà. Lásìkò ló dé."

"Ó dúró lójú ọ̀nà, mà. Ó pẹ́ gan-an ni."

"Àkọsílẹ̀ tiwa ní kò pẹ́."

Ọkùnrin náà wo òǹtẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tébi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ olóúnjẹ. Ó tẹríba, ó sì yí padà. Ìgbà náà ni Chizuru rí tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì páálí kékeré ni, irú èyí tí wọ́n ń fi irin gé létí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti rí irú rẹ̀ mọ.

Bàbá Nezu ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n dì ní ìṣù lẹ́yìn Chizuru. Ó ti fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀, wọ́n tún pè é padà nítorí pé òṣìṣẹ́ kò tó.

"Àwọn tí ọkọ̀ ojú irin ti yí lórí ti tún dé," ó ní. "Wọ́n á wọ aṣọ ayé àtijọ́, wọ́n á wá tíkẹ́ẹ̀tì ayé àtijọ́, wọ́n á máa ya fọ́tò kiri. Ìwé rẹ yẹn ló kù tó fẹ́ fi kọ́ ara ògiri."

"Kò ya fọ́tò kankan."

"A jẹ́ pé ìwọ ló wá wò. Ọmọkùnrin náà dára, ìwọ náà ò sì tíì lọ́kọ."

"Bàbá Nezu, ìrẹsì wà nírùngbọ̀n yín."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Morio àbúrò Chizuru pè é lórí fóònù láti ọsibítù orí òkè.

"Ẹ̀gbọ́n, dókítà ní Bàbá ò ní bá wa parí ọ̀sẹ̀ yìí."

"Mo gbọ́."

"Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, Ẹ̀gbọ́n. Mò ń rí òrùlé ibùdókọ̀ yín láti ibi tí mo dúró sí yìí."

"Èmi náà ń rí òrùlé yín," Chizuru wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọsibítù orí òkè yẹn náà ni ìyá wọn kú sí, ọdún márùndínláàádọ́ta sẹ́yìn, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo ìlú. Chizuru, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló di ìyá náà lọ́wọ́ mú. Ìyá ń béèrè pé, "Ṣé ó ti dé?" Ó béèrè, béèrè, títí tí kò fi béèrè mọ́. Lẹ́yìn náà ni bàbá wọn já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ọkọ̀ dúró sójú ọ̀nà. Ìyá àgbà, tó bí ìyá wọn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹni tí ọkọ̀ dá dúró, ìwé ọkọ̀-pẹ́ rẹ̀ dà?" Kò sí ìwé lọ́wọ́ bàbá. Ìyá àgbà ní ilé ọtí ló ti ń bọ̀. Chizuru gbà á gbọ́, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ayálégbé ṣe ń bá onílé sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin náà tún dé. Nǹkan funfun kan wà léjìká kóòtù rẹ̀. Chizuru rò pé ìyẹ̀fun ni.

"Ẹ dákun, mà, ẹ bá mi tún un wò."

"Mo wò ó lánàá, sà. Ìwé kì í parọ́."

"Ohun tí wọ́n ń sọ nílé náà nìyẹn."

"Ṣé kì í ṣe ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń béèrè ìwé ni?"

"Rárá, mà. Ilé ni."

Bàbá Nezu rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn. "Ilé kẹ̀? Mo dúpẹ́ pé ìyàwó tèmi ò mọ̀ pé à ń fúnni nírú ẹ̀. Ìwé ì bá ti tán ní ibùdókọ̀ yìí."

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹríba, ó lọ. Afẹ́fẹ́ tó gba ojú ihò fèrèsé wọlé lẹ́yìn rẹ̀ tutù, Chizuru sì fa apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, èrò kò pọ̀. Ọkùnrin náà nìkan ló dúró sí fèrèsé, kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti ń di aró.

"Ẹ kọ ogún ìṣẹ́jú péré, mà. Mi ò béèrè jù bẹ́ẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi pàdánù rẹ̀."

"Ta lẹ pàdánù, sà?"

"Ìyàwó mi. Ní ọsibítù orí òkè yẹn." Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọdé. "Ọmọ mi obìnrin wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Kò bá mi jà o, mà. Kò tilẹ̀ sunkún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ bàtà wọlé, á dìde, á lọ yí bàtà mi kojú síta, bí a ti í ṣe fún àlejò tó fẹ́ máa lọ. Lójoojúmọ́ ni. Bó bá fojú ara rẹ̀ rí òǹtẹ̀ ibùdókọ̀, á jáwọ́ nínú rẹ̀."

Ọwọ́ Chizuru dúró lórí tábìlì. Kò sí ẹni tó mọ̀ nípa bàtà yẹn. Ìyá àgbà kò mọ̀, Morio kéré jù nígbà náà. Láàárín òun àti bàbá rẹ̀ ni, wọn kò sì fẹnu kàn án rí.

Ìṣù funfun kan já bọ́ láti èjìká kóòtù náà sórí tábìlì. Chizuru fìka kàn án. Ó tutù bí òkúta inú odò, ó sì yọ́ di omi lábẹ́ ìka rẹ̀. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, oòrùn nìkan ló wà lẹ́nu géètì.

Ó yí sẹ́yìn. "Bàbá Nezu, níbo ni ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ wà?"

"Ti ọdún wo?"

Ó sọ ọdún náà. Bàbá Nezu wo ojú rẹ̀, kò sì dápàárá. Ó ṣí yàrá ẹrù, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì fún un.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni òun náà ń wá, ṣùgbọ́n oṣù kejì ló ṣí. Ìkọ̀wé náà ti pọ́n bí omi tíì: *Yìnyín já wáyà iná. Ọkọ̀ aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n dúró láàárín ọ̀nà, èrò kún inú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì.*

Ó jókòó sórí páálí kan níbẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ kò parọ́. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni òtítọ́ náà ti wà nínú yàrá ẹrù, òun fúnra rẹ̀ sì ti ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá fún odindi ọdún kan, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá ṣiṣẹ́ ní Tatsumori.

Nígbà tó padà sídìí tábìlì, ó mú bébà pélébé kan, ó kọ ọjọ́ náà, ó kọ iye ìṣẹ́jú, ó sì lu òǹtẹ̀.

Bàbá Nezu gbọrùn wò ó. "Chizuru, ọ́fíìsì wo ló máa gba ìwé ọdún márùndínláàádọ́ta lọ́wọ́ èèyàn?"

"Ẹnì kan wà tó ń dúró dè é."

Ní ọjọ́ Àìkú, ó fi ìwé náà sábẹ́ ọwọ́ ní ìdí fèrèsé. Ọkọ̀ dé, ọkọ̀ lọ. Aago mẹ́jọ lù. Gbogbo ẹni tó bá ti yọ lẹ́nu géètì ló ń wò. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ó bọ́ fìlà iṣẹ́.

"Bàbá Nezu, ẹ bá mi jókòó síbí."

"Ibo lò ń lọ?"

"Orí òkè."

Àgbàlagbà náà kàn fa àga sún mọ́ tábìlì ni. "Má sáré," ó ní. "Ọ̀nà yẹn ga."

Ó sáré.

Morio ló ṣílẹ̀kùn yàrá fún un. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n. Mo ti ń rò pé isà òkú la ó ti pàdé." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n lọ ra tíì wá."

Bàbá wọn kò ju egungun lọ mọ́ lábẹ́ aṣọ ìbora, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là.

"O dé," ó wí.

"Mo dé, Bàbá."

Chizuru jókòó. Ẹ̀rọ kan ń dún fíntínfíntín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Bàbá, lọ́jọ́ tí Màmá kú, kí ló dé tí ẹ ò gba ìwé ọkọ̀-pẹ́?"

"Ìwé wo ni mo fẹ́ dúró gbà lọ́jọ́ náà? Eré ni mo sá wọ ibí."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo padà lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi lọ. Obìnrin kan wà lẹ́yìn fèrèsé, kò gbà. Ó ní ọkọ̀ dé lásìkò. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Bó ṣe ń lé mi lọ náà ló ń bẹ̀ mí."

Chizuru fa àga sún mọ́ ibùsùn.

"Ó jọ ọ́," bàbá náà wí. "Mo rántí pé mo wò ó, mo ní bí ọmọ mi bá dàgbà, bó ṣe máa rí nìyí."

"Kí ló dé tí ẹ ò lọ lọ́jọ́ kẹrin?"

"Mo lọ." Ẹ̀rín kékeré kan kọjá lójú rẹ̀. "Ògiri ni mo bá. Kò sí fèrèsé kankan níbẹ̀. Mo béèrè obìnrin náà lọ́wọ́ ọ̀gá ibùdókọ̀. Ó ní ṣé mo ti mutí láàárọ̀ kùtù ni. Ó ní obìnrin kankan ò ṣiṣẹ́ ní Tatsumori rí."

Chizuru ṣí báàgì rẹ̀. Ó yọ bébà pélébé náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, bí wọ́n ti ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá náà gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Ó wo ọjọ́ inú rẹ̀. Ó wo òǹtẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rà á lójú. Lẹ́yìn náà ló gbójú wo Chizuru, ó wò ó títí. Díẹ̀díẹ̀, ó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, ó tẹríba bí agbára rẹ̀ ti mọ.

"Ẹ ṣeun, mà," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti di ti ọ̀dọ́mọkùnrin. "Mo ti yọ yín lẹ́nu jù. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ fi han ọmọ mi, kó tó lọ sí iléèwé."

Ó gbórí lé ìrọ̀rí padà, ó pa ojú dé. Chizuru kò pè é, kò sì dì í mú. Ó dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri kó lè yà fún un lọ́nà. Ìdúró ló ṣì wà nígbà tí Morio fi dé, tíì ti dà sí i lápá aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ohun tí ọkùnrin kan fi mí ṣe ní kọ́rídọ̀. Eré burúkú ló ń sá, ló bá gbá mi. Ó bẹ̀ mí o. Ó ní kí n má bínú, ọmọ òun fẹ́ lọ sí iléèwé." Ó gbé ife sílẹ̀, ó ń gbọn ọwọ́ rẹ̀. "Lónìí, ọjọ́ Àìkú. Iléèwé wo ló ṣí?"