Ẹ Má Wo Iná Yẹn

Iná búlúù kan bẹ́ lójijì létí omi Amadi-Ama, ó mọ́lẹ̀ ju oòrùn lọ. Títílayọ̀ tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Abuloma bọ̀ bá yọrùn láti wò ó. Ibẹ̀ ni ọkùnrin gíga kan ti fò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ onírin tó ń fi iná jó mọ́ra.

"Sisí, ẹ má wo iná yẹn o! No look am! Ó ń ba ojú jẹ́!"

Títílayọ̀ fọwọ́ bojú, àmọ́ ó ya ìka díẹ̀. Kì í ṣe iná ló fẹ́ wò mọ́. Ọkùnrin náà ti ti awò dúdú rẹ̀ sórí, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú nínú ojú tí èédú ti kùn. Ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ kì í gba ojú wọlé, kó wá bi Títílayọ̀.

Ọdún 1970 ni, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Nọ́ọ̀sì ni Títílayọ̀, ẹ̀ka ojú ní ọsibítù ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fa ọkùnrin kan wọlé tọ̀ ọ́ wá, aṣọ wà lójú rẹ̀, omi ń dà pòròpòrò.

"Ó dà bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i, Sister. Kò dùn mí lánàá rárá. Ìgbà tí mo fẹ́ sùn ló bẹ̀rẹ̀."

"Kí lẹ fi sí i?"

"Omi ọmú. Ìyá ọmọ kan ní àdúgbò wa ló fún un sí i."

"Háà! Ẹ gba oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ dà á sójú!" Ó mọ ohùn yìí. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kìlọ̀ fún mi lánàá?"

Ọkùnrin náà, Láńre lorúkọ rẹ̀, mí kanlẹ̀. "Na you be that? Ẹ̀yin lẹ fà á o. Mo ń wo ọkọ̀ yín bó ṣe ń lọ, ọwọ́ mi dá iná, awò mi ṣì wà lórí."

Títílayọ̀ rẹ́rìn-ín títí, kó tó wá fajúro. "Awò fàájì yẹn pàápàá kò lè gbà yín. Ojúlówó dígí àwọn jórinjórin ni kẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ yí ibi iṣẹ́ ká kí iná má baà bá ẹni tó ń kọjá."

"A ò rí dígí rà látìgbà ogun, abeg. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni."

"Ìṣẹ́jú kan náà ló gbé yín wá síbí."

Ó fi omi mímọ́ fọ ojú náà, ó fi aṣọ tútù bò ó, ó ní kó lọ sinmi nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Nígbà tí Láńre padà wá fún àyẹ̀wò, ojú rẹ̀ ti mọ́ kedere. Ó tún padà wá lẹ́yìn ìyẹn, láìsí pé nǹkan kan ń dùn ún.

"Ojú ò dùn yín mọ́. Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo wá lò ó ni."

Báyìí ni "ẹ" ṣe di "ìwọ" láàárín wọn. Ìfẹ́ náà dùn mọ́ Títílayọ̀ débi pé ó ń kọrin bó ti ń fọ báńdéèjì.

Àmọ́ nígbà tó sọ fún baba rẹ̀, Adékọ̀yà, akọ̀wé báńkì tó ti Ìjẹ̀bú wá, síbí já bọ́ lọ́wọ́ bàbá náà.

"Jórinjórin tí wọ́n fà wọ ọsibítù yẹn? Ìyá mi fọ́jú, Títí. Èmi ni mo fi igi fà á kiri títí ó fi kú. Igi yẹn, mi ò ní gbé e lé ọ lọ́wọ́ láé."

Títílayọ̀ sunkún dé ọ̀dọ̀ Láńre. "Bàbá mi ò kórìíra rẹ. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ó ń ba èmi náà."

Láńre ò jiyàn. "Olólùfẹ́ mi, mi ò ní dá iná mọ́ títí màá fi rí dígí gidi."

Kò sì dá a. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣẹ̀sín, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rù. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Trans-Amadi bá a rí dígí ló tó padà sídìí iṣẹ́, ó sì fi tapólì yí ibẹ̀ ká.

Títílayọ̀ ròyìn fún baba rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, bàbá wọ bàtà, ó ní, "Mú mi lọ."

Wọ́n dé etí omi. Iná ń kọ lẹ́yìn tapólì. Bàbá na ọwọ́, ó ká etí tapólì náà sókè.

"Ta nìyẹn? Baba, ẹ padà! Ṣé ẹ fẹ́ fọ́jú ni? Ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀ kíá!"

Iná kú. Láńre ṣí ìbòjú, inú ń bí i. Ìgbà náà ló rí Títílayọ̀ lẹ́yìn bàbá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èérún irin.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Tí o bá mọ̀ ńkọ́?" Adékọ̀yà bi í.

Láńre gbójú sókè nílẹ̀ tó wà.

"Màá ṣì pariwo, sà."

Bàbá yọ áńkáṣíìfù, ó nu omi ojú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iná kò sì bá a.

"Dìde, ọmọ mi," ló wí. "Lọ mú àwọn èèyàn rẹ wá kí mi."