Ọṣẹ Tó Kù Nínú Ìgò

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọkọ̀ omi Felix dúró lẹ́yìn ilé wa ní Maryland, ní Enugu, ó ń da omi sínú táńkì. Raodah, ìyàwó mi, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi gírétà ha ọṣẹ sínú abọ́ ńlá kan. Èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Fínígà wà nínú ìkòkò. Felix na ọrùn wò ó.

"Mama Khadijah," ó ní, "this your soap wey dey wash everything, e fit wash sin?"

Raodah kò gbójú sókè.

"E fit," ló wí. "But your own go need drum."

Felix rẹ́rìn-ín títí omi fi kún táńkì, tó sì ń ṣàn dànù sílẹ̀.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé kò sí ohun abàmì kankan nínú rẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ni yóò ṣòro láti gbà. Olùkọ́ ni mí. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti mọ́ mi lára láti sọ ohun tí a fojú rí àti ohun tí a wọ̀n, kí n sì dákẹ́ síbẹ̀. Bí mo ṣe rí i ni n óò ṣe kọ ọ́. Èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, n óò sọ pé mo gbọ́ ọ. Èyí tí kò yé mi, n óò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Omi ṣọ̀wọ́n ní Enugu. Láti Ninth Mile Corner ni ọkọ̀ ti ń gbé e wá fún wa, a sì ń ṣọ́ ọ lò. Ìdí nìyẹn tí Raodah fi ń po ọṣẹ tirẹ̀. Kò fẹ́ omi púpọ̀ láti fi ṣàn án. Ìdérí ìgò kan àti aṣọ ìnulẹ̀ kan ti tó. Ó fi ń fọ abọ́. Ó fi ń nu gíláàsì fèrèsé, ó fi ń nu ilẹ̀, ó fi ń bó ọ̀rá ara sítóòfù, ó sì fi ń fọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ó máa ń bi mí pé kí ni èèyàn ń ra oríṣi mẹ́fà lọ́jà fún, nígbà tí ọ̀kan lè ṣe gbogbo rẹ̀. Òórùn èèpo ọsàn ló ní, fínígà díẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ Raodah ń rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìrọ̀rí rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni ọṣẹ yẹn kò lè mú kúrò. Nígbà Iléyá tó kọjá, làálì ò tíì gbẹ lọ́wọ́ Raodah nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ilé ìdáná kó má baà ṣubú. Àmì ọwọ́ náà dúró síbẹ̀, ó pupa rúsúrúsú, àtẹ́lẹwọ́ àti ìka márààrún. Ó nù ún, nù ún. Khàdíjàh, ọmọ wa kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méje, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọṣẹ Mummy ti rí ọ̀gá rẹ̀. Raodah ní kí á fi í sílẹ̀, ó ti di ọ̀ṣọ́ ilé.

Ó kú ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejìlá. Mo wà ní pálọ̀. Mo gbọ́ tí abọ́ bọ́ ní ilé ìdáná. Mi ò gbọ́ ohùn kankan lẹ́yìn rẹ̀. Kí a tó gbé e dé ẹnu géètì, ó ti lọ.

Ará Ọ̀fà ni wá, mùsùlùmí sì ni wá. Òkú wa kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí oòrùn tó yí, àwọn obìnrin mọ́sáláṣí ti dé. Alhaja Zuliat ló ṣáájú wọn, ìyá àgbà kan tó ń ta làálì àti tùràrí ní Artisan Market, tó sì ti wẹ púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa tó kú ní ìlú yìí. Wọ́n ta aṣọ yí ẹ̀yìn ilé ká. Wọ́n gbẹ́ ihò tí omi ìwẹ̀ náà yóò ṣàn sí. Alhaja béèrè ọṣẹ. Kò sí ọṣẹ mìíràn nínú ilé wa. Khàdíjàh ló gbé ìgò ìyá rẹ̀ lọ fún wọn.

Nígbà tí wọ́n parí, Alhaja gbé ìgò náà wá bá mi fúnra rẹ̀. Ó ku ìdajì.

"Bàbá Khàdíjàh, ẹ dà á sínú ihò yẹn kí wọ́n tó bò ó. A kì í dá ọṣẹ òkú padà sílé."

Mo ní mo ti gbọ́.

Mi ò dà á. Raodah ló pò ó. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ tó pò ó sára bébà tó lẹ̀ mọ́ ìgò náà. Kò tún ní po òmíràn mọ́. Mo gbé e sẹ́yìn sílíńdà gáàsì, mo fi àpò ìrẹsì bò ó. Wọ́n bo ihò náà. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, àwọn èèyàn lọ tán. Wọ́n fi erùpẹ̀ pupa Enugu sílẹ̀ fún wa, ipasẹ̀ lórí ipasẹ̀. Táńkì ti gbẹ, Felix kò sì ní dé títí di ọjọ́ kejì. Mo rántí ìgò náà. Mo da ìdérí kan sára aṣọ ìnulẹ̀. Mo nu tábìlì, mo nu pẹpẹ ìwé, mo nu ilẹ̀ pálọ̀. Mo nu ìsàlẹ̀ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ilé ìdáná. Mi ò dé ibi ọwọ́ làálì náà. Mo ṣọ́ra fún un. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ló wà láàárín ibi tí mo nù àti ibẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo rí i pé àtẹ́lẹwọ́ ti lọ. Ìka márùn-ún ló ṣẹ́kù. Wọ́n dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára ògiri bí ìka ẹni tó ń rì sínú omi.

Mo fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó tutù. Ó ń rùn bí èèpo ọsàn.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìka kékeré lọ. Mo bi Khàdíjàh bóyá ó nù ún. Ó ní rárá. Lára ògiri kan náà, èéfín àbẹ́là wà níbẹ̀. Ìlà pẹ́ńsù tí Khàdíjàh fà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀. Epo tí èmi fúnra mi ta sí i wà níbẹ̀. Ti Raodah nìkan ló ń lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò kiri ilé. Àmì róbótó tí ife tíì rẹ̀ fi sórí tábìlì ti lọ. Èyí tí ife tèmi fi síbẹ̀ wà. Mo mú ìwé tó máa ń kọ bí a ṣe ń se oúnjẹ àti bí a ṣe ń po ọṣẹ sí. Mo ṣí i. Ìlà ìwé wà. Ọ̀rọ̀ kò sí. Pẹpẹ tí ìwé náà wà ni mo nù. Mi ò nu ìwé.

Ìrọ̀lẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìró kan wá. Ìró aṣọ tútù lára ògiri. Fẹ́ẹ́. Yóò dákẹ́. Fẹ́ẹ́. Bí mo bá dé ilé ìdáná, kò sí ẹnì kankan. Aṣọ ìnulẹ̀ wà lórí ìṣó tí mo fi kọ́ ọ. Ó gbẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìka kejì lọ, mo bá Khàdíjàh lórí ibùsùn rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo imú. Mo bi í pé kí ló dé. Ó na ọwọ́ náà sí mi.

"It smells like Mummy," ló wí.

Ó ti rí ìgò náà láti ọjọ́ àdúà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń da díẹ̀ sọ́wọ́ kó tó sùn.

Mi ò bá a wí. Mo fọ ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo da omi sí i bí ẹni tí kò mọ iye ọjọ́ tí táńkì ń pẹ́. Lẹ́yìn náà mo jókòó tì í, mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta ní Yorùbá, ó sì ń dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe máa ń ṣe. Kí ni orúkọ ìyá rẹ? Ó ní Raodah. Kí ló máa ń pè ọ́ bó bá ń di irun fún ọ? Ó ní Àbẹ̀kẹ́. Orin wo ló máa ń kọ bó bá ń di í?

Ó fọwọ́ kan irun rẹ̀.

"Daddy, did she sing?"

Ó máa ń kọrin. Mo la ẹnu láti kọ ọ́ fún un. Mo wá orin náà lọ́kàn mi. Mi ò rí i.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ògiri kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ọmọ ọdún méje ni Khàdíjàh. Gbogbo ìyá tó ní kò ju ohun tó wà nínú orí rẹ̀ lọ. Mo gbé ìgò náà sókè àpótí aṣọ, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó. Lọ́jọ́ kejì mo tún bi í. Àbẹ̀kẹ́ ti lọ. Lára ògiri, ìka méjì ló kù.

Lọ́jọ́ kẹta mo fi fọ́tò kan hàn án nínú fóònù mi: ọjọ́ Iléyá, Raodah nínú léèsì àwọ̀ ewé, làálì lọ́wọ́. Khàdíjàh gba fóònù náà. Ó wò ó dáadáa. Ó fẹ́ràn ohun tó rí.

"She's fine," ló wí. "Daddy, who is that aunty?"

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ sí Artisan Market. Alhaja Zuliat ń wọn làálì sínú ọ̀rá. Ó dá mi mọ̀. Ó béèrè àlàáfíà ọmọ, ó fa àpótí fún mi, ó ní mo ti rù, pé ṣé ìwé ni mò ń jẹ ni. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mi ò da ọṣẹ náà nù. Mo ń retí ìbáwí. Kò bá mi wí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí làálì. Lẹ́yìn wa, ẹnì kan ń lu páànù, ó lù ú títí, ó sì dákẹ́. Alhaja sún mọ́ mi kí ará ìsọ̀ kejì má baà gbọ́.

"Bàbá Khàdíjàh, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé a wẹ òkú nílé yín. Mo rántí ihò tá a gbẹ́. Mo rántí aṣọ tá a ta." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. "Ta la wẹ̀?"

Mo dárúkọ rẹ̀. Ó tún un pè, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ orúkọ àlejò. Ọdún mọ́kànlá ni òun àti Raodah fi jókòó lórí ẹní kan náà ní mọ́sáláṣí.

"Ẹ lọ dà á síbi tó yẹ kó wà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kí oòrùn òní má wọ̀ bá a nínú ilé yín."

Nígbà tí mo délé, oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn òkè. Mo gbé ìgò náà sọ̀ kalẹ̀. Bébà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kankan lórí rẹ̀ mọ́. Mo mú ọkọ́, mo wá ibi ihò náà. Ọyẹ́ ti mú kí gbogbo ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé le bí òkúta. Níbẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ rọ̀. Mo gbẹ́ ẹ. Bí mo ṣe gbójú sókè, Khàdíjàh dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi, láìwọ bàtà. Mo ní kó wọlé.

Ó mi orí. Ó rọra sọ fún mi pé ẹnì kan ń nu ògiri ní ilé ìdáná.

Mo tẹ́tí. Fẹ́ẹ́. Ìdákẹ́jẹ́. Fẹ́ẹ́.

Mo da ọṣẹ náà sínú ihò. Ilẹ̀ ń fà á mu láìsí ìró. Ó pẹ́ kó tó tán. Ohun tí kò tó ìdajì ìgò kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kán ìkẹyìn bọ́, mo wa erùpẹ̀ bò ó, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Inú ilé dákẹ́.

Mo mú ọmọ mi lọ́wọ́, a jọ wọlé. Ìka kan ló kù lára ògiri, àtàǹpàkò. Ara ògiri tó yí i ká tutù.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Àtàǹpàkò náà kò tíì lọ. Òróòru ni mo ń kọ orúkọ Raodah sínú ìwé kan, tí mo sì ń wò ó láàárọ̀ bóyá ó ṣì wà.

Felix gbé omi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun kò fọwọ́ kan ọṣẹ yẹn rí. Ó ní fínígà máa ń ta òun nímú. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ àti dúrọ́ọ̀mù fún mi, èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ó ní mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní mo rẹ́rìn-ín ju òun lọ.

Mo ní kó tún un sọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Khàdíjàh máa ń lọ dúró ti ògiri, á fi àtàǹpàkò tirẹ̀ lé àtàǹpàkò làálì náà. Tirẹ̀ kò tíì tóbi tó o. Kò bi mí rí pé ti ta ni.