Ìpè Tí Hafeezah Jẹ́

Wọ́n fi fíìmù kan han kíláàsì Hafeezah. Nínú rẹ̀, obìnrin kan ló ṣèèṣì wọ ilé onílé, tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi orúkọ ọmọ wọn tó ti kú pè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń jẹ́ ìpè wọn. Nígbà tó fi máa wo dígí, kò rí ojú ara rẹ̀ mọ́.

"Ẹ lọ ro ìtumọ̀ rẹ̀ wá," ni Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀túndé, olùkọ́ wọn, wí. "Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ dáadáa jù ni yóò ṣojú ilé-ìwé wa níbi ìdíje l'Abẹ́òkúta."

Tìmílẹ́yìn, ọmọ kíláàsì wọn, ní àjẹ́ ni obìnrin náà, àwọn yòókù sì fi í rẹ́rìn-ín. Hafeezah ò lè rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, nítorí irú fíìmù yẹn ń bẹ nílé wọn níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá bàbá rẹ̀, tí iyè rẹ̀ ti ń ra, kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju Sàúdátù lọ, orúkọ ọmọ rẹ̀ tó kú ní kékeré.

Bàbá Hafeezah ti kìlọ̀ fún un. "Má jẹ́ ìpè yẹn. Sọ fún wọn pé Hafeezah ni ọ́." Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe, àfi ìgbà tí Abẹ́òkúta wọ̀ ọ́ lójú. Ó rò ó pé bí òun bá jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan péré, òun á mọ ohun tó ń ṣe obìnrin inú fíìmù. Ọmọ aláìmọ̀kan, ó fẹ́ fi ìyá àgbà ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Nírọ̀lẹ́, arúgbó náà pè é láti orí ẹní ìkírun. "Sàúdátù."

"Èmi rèé, Màámi."

Ojú ìyá àgbà mọ́ kedere. Ó dì í mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Níbo ni wọ́n tẹ́ ọ sí, ọmọ mi? Wọn ò fi hàn mí."

Òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ wa, ìdí nìyẹn tí ẹbí fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún ìyá yìí látọjọ́ tó ti pẹ́. Ó yẹ kí Hafeezah jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ wò ó rí, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó sọ ibi tí bàbá rẹ̀ fi hàn án nígbà Iléyá: "Ní Ìmùṣin, lẹ́yìn ilé ẹbí, lábẹ́ igi obì."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn ò rí ìyá àgbà. Wọ́n wá gbogbo àdúgbò kí Hafeezah tó jẹ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ò bá a wí. Ó kàn fi í sínú mọ́tò, ó kọrí sí Ìmùṣin.

Ọlọ́kadà kan ló ti gbé ìyá àgbà débẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n bá a lábẹ́ igi obì, ó ń fi ọwọ́ lásán gbẹ́ ilẹ̀, èékánná rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. "Ó bá mi sọ̀rọ̀ lánàá," ló ń wí. "Kò kú. Wọ́n sin ín láàyè."

Hafeezah kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ìyá Àgbà, èmi ni mo dá yín lóhùn. Hafeezah ni mí. Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Ta ni Hafeezah?" ni arúgbó náà bi í, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Nígbà tí Hafeezah padà sí kíláàsì, ó ní, "Sà, kì í ṣe àwọn tó ń pe obìnrin yẹn ló gba ojú rẹ̀. Jíjẹ́ tó ń jẹ́ wọn ni." Olùkọ́ ní kò sí ìtumọ̀ tó dára tó tirẹ̀. Hafeezah bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ẹlòmíràn lọ sí Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí iyè rẹ̀ ra kì í ṣe ohun tí à ń dán nǹkan wò lára rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún un, kódà bó bá máa gbàgbé rẹ̀ lọ́la, torí irọ́ tó bá ọgbẹ́ ọkàn mu kì í ṣeé gbàgbé. Ojoojúmọ́ ni Hafeezah ń jókòó ti ìyá àgbà báyìí, tó ń wí fún un pé Sàúdátù ti kú kí wọ́n tó sin ín. Arúgbó náà kì í gbà á gbọ́.