Ìka Mẹ́rin Lára Igi Duzhong

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 2019, Suilian ìyàwó mi kú. Ọdún mọ́kàndínlógójì la fi jọ gbé.

Oṣù kẹfà náà ni mo kọ́kọ́ rí i, lọ́dún 1979, lórí òkè ìdílé rẹ̀ nítòsí Zunyi, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Akọ̀wé ni mí níbi tí wọ́n ti ń ra èèpo igi duzhong, èyí tí a máa ń sè fún ẹ̀yìn ríro àti orúnkún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó igi kan yíká tán ni. Ara igi náà funfun, ó ń dán. Mo na ọwọ́ sí i.

Ó gbá mi lọ́wọ́.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni? Ibi tí ọwọ́ bá kàn máa dúdú. Èèpo ò ní hù níbẹ̀ mọ́."

"Mi ò mọ̀."

"Ìwé tẹ́ ẹ kà ò sọ ìyẹn fún yín?"

Ó ṣẹ́ èèpo kan sí méjì, ó ní kí n fa apá kan. Mo fà á. Òwú funfun tín-ín-rín yọ láàárín méjèèjì, kò já. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Bàbá rẹ̀ kò gbà.

"Ọwọ́ ẹ rọ̀ bíi tófù," ni wọ́n wí. "Kí lo máa fi bọ́ ọmọ mi lórí òkè yìí, bírò?"

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní kí n bó igi kan yíká. Bó bá yè, kí n wá fẹ́ Suilian. Bó bá bàjẹ́, kí n má padà wá mọ́.

Ọjọ́ tí òjò ṣú ni mo bó o. Suilian dúró lókèèrè, ó ń pariwo: "Ẹ má gé e jìn! Èèpo nìkan!" Mo fi láílọ́ọ̀nù wé igi náà, mo so ó lókè àti nísàlẹ̀. Bàbá kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u fún oṣù kan.

Nígbà tó pé, wọ́n tú u. Èèpo tuntun ti bo igi náà yíká. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan, àmì ìka mẹ́rin wà níbẹ̀, dúdú.

"Mo sọ fún ẹ," ni Bàbá wí.

Mo rò pé èmi ni mo ṣèèṣì fọwọ́ kàn án. Mo kọjú sí ọ̀nà ilé.

"Bàbá, ọwọ́ mi ni," ni Suilian wí.

"Ìwọ? Ìwọ tó ń bógi láti kékeré?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń hù. Mi ò lè dúró. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ láílọ́ọ̀nù."

Bàbá gbé ọwọ́ Suilian sítòsí àmì náà. Ó bá a mu. Wọ́n gbé tèmi síbẹ̀. Ó tóbi jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

"Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ, ọkùnrin yìí ti lé e kúrò lórí ẹ. Ẹ dúró kí ewé tuntun yọ, ká mọ̀ pé igi yè."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ewé yọ. A ṣe ìgbéyàwó.

Títí tó fi kú ni mo ń fi igi yẹn yọ ọ́ lẹ́nu, tí mò ń pè é ní ọ̀gá abógi. Á ní: "Akọ̀wé, ẹ fi mí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó mi." Mi ò rí abógi tó mọ iṣẹ́ bíi tirẹ̀ rí. Mi ò sọ ọ́ fún un tó.

Ohun tó fi sílẹ̀: ọ̀bẹ kan tí àtàǹpàkò ti jẹ èèkù rẹ̀ wọnú. Fìlà koríko. Láílọ́ọ̀nù lára igi kan, tí a kò tíì tú. Èèpo tó kó sábẹ́ koríko kí inú rẹ̀ lè dúdú fún títà, tí mi ò tíì ṣí. Ọmọbìnrin wa kan nílùú Chongqing. Èmi. Igi náà, tó ti ga ju ilé lọ, àti ìka mẹ́rin lára rẹ̀, níbi tí èèpo kò hù títí di òní.