Ẹ̀wù Bàbá Mi Nínú Ọ̀rá

Ìyá mi tú àpótí aṣọ náà lẹ́ẹ̀kẹta lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ń ṣe bí ẹni tó ń kàwé. Ẹ̀wù bàbá mi ló ń wá. Abẹ́ mi gan-an ló sì wà, lábẹ́ tìmùtìmù, nínú ọ̀rá tí mo so ní kókó mẹ́ta.

Télọ̀ ni ìyá mi. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú lọ́dún tó kọjá, àwọn opó mẹ́ta kan máa ń wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo Sátidé. Ibi tí kálukú ti wá jìn síra. Ọ̀kan wọ dúdú ṣọ̀fọ̀, èkejì wọ funfun. Ẹ̀kẹta, tó ń ṣe búrẹ́dì, tí a ń pè ní Màmá Ẹ̀rín, ní nílùú tòun, opó kì í dárúkọ ọkọ rẹ̀ fún odidi ọdún kan. Síbẹ̀, wọ́n rí nǹkan kan ṣe pọ̀. Ẹni tó bá kàn á mú aṣọ ọkọ rẹ̀ wá, wọ́n á jọ fi rán ìrọ̀rí, òun á sì máa sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ títí wọn á fi rán an tán.

Lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi ló kàn. Kò tíì sọ̀rọ̀ bàbá mi rí látìgbà tí a ti sin ín. Ṣùgbọ́n àárò bàbá mi ń sọ mí, òórùn pákó iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ àti ti ọṣẹ rẹ̀ sì wà lára ẹ̀wù yẹn. Tí wọ́n bá gé e, kí ló kù fún mi?

Ìyá mi lọ lọ́wọ́ òfo. Ó sọ fún wọn pé òun ti sọ ọ́ nù. Nígbà tó di Sátidé kẹta, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ní obìnrin tí kò lè pa ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ wo ló fẹ́ sọ láàárín ẹgbẹ́?

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé oṣù kan. Nígbà tí mo tú ọ̀rá náà kí n lè gbóòórùn bàbá mi, ẹ̀wù ti bu. Gbogbo omi ẹkún tí mo ń sun sí i nígbà tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, inú ọ̀rá ni mo ń dì í mọ́.

Mo gbé e tọ ìyá mi lọ. Kò lù mí. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó wò ó títí.

"Mo rò pé èmi nìkan ni àárò rẹ̀ ń sọ," ló wí.

Èmi ni mo lọ pe àwọn opó náà fúnra mi. Wọ́n fọ ẹ̀wù náà, wọ́n sá a sóòrùn, ṣùgbọ́n àbàwọ́n kò tán. Nígbà tí wọ́n jókòó tì í, ìyá mi kò lè la ẹnu. Màmá Ẹ̀rín bá yíjú sí mi.

"Ìwọ náà, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ọ́," ó ní. "Sọ̀rọ̀."

Mo sọ bí bàbá mi ṣe máa ń wá pẹ́ńsù káàkiri ilé, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn etí rẹ̀ ló wà. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa pàápàá," ó ní, "ó wà níbẹ̀."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì dákẹ́ mọ́ títí ìrọ̀rí fi parí.

Òórùn bàbá mi kò sí lára ìrọ̀rí náà. Mo ṣì máa ń gbé e símú wò, n kò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ọ̀fọ̀ tí mo dá gbé pamọ́ ló ba ẹ̀wù jẹ́. Èyí tí a jọ sọ jáde ló dá ohùn ìyá mi padà fún mi.